Ìmoore àti Ìjíhìn: Ẹ̀kọ́ Àwọn Júù lórí Ọpẹ́ sí Ọlọ́run àti Ojúṣe Ẹnìkọ̀ọ̀kan



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ láàrin ìjọ, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ti gbà bí òtítọ́ láìwádìí rẹ̀, èyí nì pé ìsìn àwọn Júù jẹ́ ìsìn òfin nìkan. Pé wọn a máa pa àṣẹ mọ́ kí wọn kí ó lè fi ra ojú rere Ọlọ́run. Àti pé ọpẹ́ tòótọ́ kò wọ inú àgbàlá Tẹ́ḿpìlì wọn títí Olúwa wa fi dé. A fẹ́ fi ìtàn wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ìtàn yóò gbè é lẹ́yìn. Bí kò bá sì jẹ́ òtítọ́, kò yẹ kí àwa tí a ń ka Májẹ̀mú Láéláé ní ọjọọjọ́ Ìsinmi máa jẹ́rìí èké sí àwọn ènìyàn tí a ti ọwọ́ wọn gba ìwé náà.

Ohun tí a ó gbìyànjú láti fi hàn ni èyí: pé láti ìgbà Òfin àti àwọn wòlíì títí dé ọ̀rúndún ogún, àwọn olùkọ́ Júù ń kọ́ni pé ọpẹ́ ni gbòǹgbò, ojúṣe sì ni èso, àti pé ẹni tí ó bá fi ẹnu dúpẹ́, tí kò sì fẹ́ jíhìn ohun tí a fi sí i lọ́wọ́, kò tíì dúpẹ́ rárá.

I. Orúkọ tí ó jẹ́ ọpẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Ọ̀rọ̀ náà "Júù" ti ara Júdà jáde wá. Júdà sì ni orúkọ tí Líà sọ ọmọkùnrin rẹ̀ kẹrin, nígbà tí ó pinnu láti fi ìyìn fún Olúwa, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Jẹ́nẹ́sísì, orí 29. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí a bá pe ènìyàn kan ní Júù, ọpẹ́ ni a pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń pè é kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a dúpẹ́ náà ni a fi ń sọ pé a jẹ́wọ́. Ẹni tí ó dúpẹ́ ń jẹ́wọ́ pé ohun tí òun ní kì í ṣe ti òun láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ń gbà pé ìwà tí òun hù, òun ni ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe so ọpẹ́ àti ìjíhìn pọ̀.

Èdè tiwa pẹ̀lú ní ẹ̀rí láti jẹ́. Ohun tí àwa ń pè ní ìmoore, hakarat ha-tov ni àwọn ọlọ́gbọ́n Júù ń pè é, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe mímọ oore. Àwa kò yá a lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì yá a lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀ ọ̀nà méjèèjì pàdé ní oríta kan. Oore kì í ṣe ohun tí a ń gbà nìkan. Ohun tí a ní láti mọ̀ ni. Ẹni tí ó gbà á tí kò sì mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ fọ́.

Láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, àwọn baba Júù a máa tọ́ka sí Mósè. Nígbà tí Olúwa fẹ́ sọ omi Éjíbítì di ẹ̀jẹ̀, Áárónì ni a ní kí ó na ọ̀pá sórí omi. Èéṣe tí kì í fi í ṣe Mósè tìkára rẹ̀? Ìdáhùn àwọn ọlọ́gbọ́n ni pé omi odò náà ni ó gbé apẹ̀rẹ̀ Mósè dúró nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Kò sì tọ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ohun tí ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bí ó bá yẹ kí ènìyàn mọ oore omi tí kò ní etí láti fi gbọ́ ọpẹ́, mélòómélòó ni oore ọmọnìkejì, àti oore Ẹlẹ́dàá!

II. Ìgbàlà ṣáájú òfin

Ẹ kíyèsí ètò Òfin Mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run tó pa àṣẹ kan, ó kọ́kọ́ rán Ísírẹ́lì létí pé òun ni ó mú wọn jáde kúrò ní oko ẹrú Éjíbítì. Kò sọ fún wọn ní Éjíbítì pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ pa òfin mọ́ ni òun yóò gbà wọ́n. Ó ti gbà wọ́n ná, wọ́n ti la òkun já, kí òfin tó dé. Nítorí náà òfin kì í ṣe owó tí a fi ra ìgbàlà, bí kò ṣe ìdáhùn ẹni tí a ti gbà là. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òfin nípa àlejò: kí wọn má ṣe ni í lára, nítorí pé àwọn náà ti jẹ́ àlejò rí. Ìrántí oore ni ìdí àṣẹ.

Ibi tí èyí gbé hàn gbangba jùlọ ni Deutarónómì, orí 26. Àgbẹ̀ tí ó bá kórè gbọ́dọ̀ mú nínú àkọ́so èso ilẹ̀ rẹ̀ sínú agbọ̀n, kí ó gbé e tọ àlùfáà lọ, kí ó sì sọ ìtàn kan níwájú Olúwa. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan tí ó jẹ́ alárìnkiri, tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Éjíbítì pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀. Ó sọ nípa ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, àti bí Olúwa ti gbọ́ igbe wọn. Ó sì parí sí agbọ̀n tí àgbẹ̀ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "baba mi", ó kọjá sí "àwa", ó sì gúnlẹ̀ sí "èmi". Àgbẹ̀ náà lè má tíì fi ojú kan Éjíbítì rí. Síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé oore tí a ṣe fún àwọn baba òun kò kan òun.

Orí yìí kan náà kò sì jẹ́ kí ọpẹ́ parí sí ẹnu. A ní kí àgbẹ̀ náà bá ọmọ Léfì àti àlejò yọ̀ nínú ohun rere tí a fi fún un. Ní ọdún kẹta, ó ní láti kó ìdámẹ́wàá rẹ̀ fún ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó. Lẹ́yìn èyí ni yóò dúró níwájú Olúwa láti sọ ọ́ gbangba pé òun kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni ó gba apá kìn-ín-ní orí náà. Ìjíhìn ni ó gba apá kejì.

Ṣùgbọ́n nígbà ìgbèkùn, ìbéèrè tí ó le dìde. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó Jèhóíákínì ọba Júdà lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ésékíẹ́lì àlùfáà sì wà láàrin wọn. Ní ọdún 586, Jerúsálẹ́mù ṣubú, wọ́n sì fi iná sun Tẹ́ḿpìlì. Àwọn tí ìyà náà dé bá ń pa òwe kan láàrin ara wọn, pé àwọn baba ni ó jẹ àjàrà kíkan, ṣùgbọ́n eyín àwọn ọmọ ni ó kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó ti kú ni ó pa àwọn alààyè, kò sì sí ohun tí àwọn alààyè lè ṣe sí i. Ésékíẹ́lì kọ òwe náà ní orí 18 ìwé rẹ̀. Ó to ìran mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ: baba olódodo, ọmọ aṣebi, àti ọmọ-ọmọ tí ó rí ìwà baba rẹ̀ tí kò sì tẹ̀lé e. Olúkúlùkù ni yóò jíhìn fún ara rẹ̀. Ẹni búburú tí ó bá sì yí padà yóò yè.

Ẹ fi àgbẹ̀ Deutarónómì àti àwọn ìgbèkùn Ésékíẹ́lì wé ara wọn. A kò gbà kí ti ìṣáájú sọ pé oore àwọn baba kò kan òun. A kò sì gbà kí àwọn ti ìkẹyìn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ni ó de àwọn ní okùn. Ọmọ ènìyàn fẹ́ràn láti yí ọ̀rọ̀ yìí po: oore tí ó jogún, yóò pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀bi tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, yóò pè é ní ogún ìdílé. Òfin àti wòlíì dá ohun méjèèjì padà sí àyè wọn.

III. Bí a ti ń gbé agbọ̀n lọ sí Jerúsálẹ́mù

Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Rábì Judah, tí a ń pè ní Ọmọ-aládé, kó àwọn ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi ẹnu kọ́ni jọ sínú ìwé tí í ṣe Míṣínà. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àkọ́so èso, ó sì sọ bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tí Tẹ́ḿpìlì kejì ṣì dúró.

Nígbà tí àgbẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko rẹ̀ tí ó rí ọ̀pọ̀tọ́ àkọ́pọ́n, tàbí ìṣùpọ̀ àjàrà, tàbí èso pómégíránétì, yóò so koríko mọ́ ọn lára, yóò sì yà á sọ́tọ̀ láti ìgbà náà lọ. Kí ó tó tọ́ ọ wò, ti Ọlọ́run ni. Àwọn ará ìletò a kó ara wọn jọ sí ìlú tí ó jẹ́ olórí agbègbè wọn, wọn a sì sùn ní gbangba ìgboro láìwọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, olórí wọn a ké pè wọ́n láti gòkè lọ sí Síónì. Àwọn tí ó wà nítòsí a gbé èso tútù; àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá a gbé èso gbígbẹ. Akọ màlúù a máa lọ níwájú wọn, a ti fi wúrà bo ìwo rẹ̀, a sì fi ewé ólífì ṣe adé fún un. Afunfèrè a máa fun fèrè títí wọn yóò fi súnmọ́ Jerúsálẹ́mù.

Nígbà tí wọ́n bá dé, àwọn ìjòyè a jáde wá pàdé wọn. Gbogbo àwọn oníṣọ̀nà Jerúsálẹ́mù, tí wọn kò ní láti dìde fún ọ̀mọ̀wé nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a dìde dúró fún àwọn ará oko wọ̀nyí, wọn a kí wọn ní ará, wọn a sì dárúkọ ìlú tí wọ́n ti wá. Ní orí òkè Tẹ́ḿpìlì, kò sí ẹni tí ó lè rán ẹlòmíràn ní ẹrù rẹ̀. Míṣínà sọ pé Àgírípà ọba pàápàá a gbé agbọ̀n rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀ wọ inú àgbàlá lọ. Ọba lè rán ẹrú lọ síbi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè rán ẹrú lọ dúpẹ́ fún un.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn yìí tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá. Ní ìṣáájú, ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ náà a sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, a ó máa kà á fún un, òun a sì máa wí tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, wọn kò sì fẹ́ wá mọ́. Kí ni àwọn alàgbà ṣe? Wọn kò bá àwọn òpè wí. Wọ́n fi àṣẹ lélẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, a ó máa kà á fún gbogbo ènìyàn, ọ̀mọ̀wé àti òpè bákan náà, kí ìtìjú má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ọpẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Tẹ́ḿpìlì ní ìyẹ̀wù kan tí a ń pè ní ìyẹ̀wù ìkọ̀kọ̀, níbi tí àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́run ti ń fi ẹ̀bùn sílẹ̀ láìjẹ́ kí a mọ̀ wọ́n, tí àwọn ọmọ ilé rere tí ó ti di aláìní sì ti ń gbà á láìsí ẹni tí ó rí wọn.

IV. Nígbà tí kò sí pẹpẹ mọ́

Ní ọdún 70, ogun Róòmù tí Titus jẹ́ balógun rẹ̀ fọ́ Jerúsálẹ́mù, Tẹ́ḿpìlì sì jóná lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí pẹpẹ mọ́, kò sí ibi tí a ó gbé agbọ̀n lọ. Ìtàn àwọn Júù sọ pé a gbé Yohanan ben Zakkai jáde nínú pósí kúrò ní ìlú tí a dó tì, àti pé ó gba àyè lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù láti kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Yavneh. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ rí ahoro Tẹ́ḿpìlì tí ó sì ń sunkún pé ibi ètùtù ti parun, ó tù ú nínú pé ètùtù mìíràn kù fún wọn tí kò kéré sí èyíinì, èyí tí í ṣe ṣíṣe àánú.

Láti ìgbà náà lọ, tábìlì oúnjẹ nínú ilé ni ó dàbí pẹpẹ. Àwọn ọlọ́gbọ́n to ìbùkún lẹ́sẹẹsẹ fún búrẹ́dì, fún ọtí wáìnì, fún èso igi àti èso ilẹ̀, fún ìró àrá àti fún rírí òkun. Rábì Meir kọ́ni pé ó yẹ kí ènìyàn fi ìbùkún fún Ọlọ́run ní ìgbà 100 lójoojúmọ́. Wọ́n sì ka ẹni mẹ́rin tí ó di dandan fún láti dúpẹ́ gbangba: ẹni tí ó la òkun já, ẹni tí ó la aṣálẹ̀ já, ẹni tí ó dìde lórí àìsàn, àti ẹni tí a tú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n.

Kí ni ìdí gbogbo èyí? Tálmúdì dáhùn báyìí. Sáàmù kan sọ pé ti Olúwa ni ayé. Sáàmù mìíràn sì sọ pé ó ti fi ayé fún ọmọ ènìyàn. Báwo ni méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́? Ti Olúwa ni kí a tó súre. Tiwa ni lẹ́yìn tí a bá ti súre. Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ ohun ayé láìdúpẹ́, àwọn ọlọ́gbọ́n kà á sí ẹni tí ó ja Ọlọ́run lólè. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ṣàìrántí òwe àwọn baba wa: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ìdánwò ọpẹ́ kì í sì í ṣe ọjọ́ ayọ̀. Míṣínà kọ́ni pé ó yẹ kí ènìyàn fi ìbùkún fún Ọlọ́run nígbà búburú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nígbà rere. Láti ọdún 132 títí dé 135, àwọn Júù ṣọ̀tẹ̀ sí Róòmù lábẹ́ Bar Kokhba, ìlú Betar sì ni ibi ààbò wọn ìkẹyìn. Nígbà tí ó ṣubú, a pa ọ̀pọ̀lọpọ̀, a kò sì jẹ́ kí a sin òkú wọn. Lẹ́yìn èyí ni a tó fi àyè gbà wọ́n láti sin wọ́n. Tálmúdì sọ pé ní ọjọ́ náà ni àwọn olùkọ́ Yavneh fi ìbùkún kẹrin kún ọpẹ́ tí a ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ, láti yin Ọlọ́run tí ó jẹ́ ẹni rere tí ó sì ń ṣe rere. Ẹ ronú sí i: wọ́n ti pàdánù ogun, wọ́n ti pàdánù ọmọ, oore kan ṣoṣo tí ó kù ni pé a rí òkú sin. Wọn kò pe ibi náà ní ire. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ fọ́ wọn lójú sí oore kékeré tí ó kù. Ìmoore ni èyí ní ìtumọ̀ rẹ̀ tòótọ́.

V. Ìwé gbèsè tí ó ṣí sílẹ̀

Rábì Akiva, tí àwọn ará Róòmù pa ní ìgbà ogun yìí kan náà, fi ayé wé ilé ìtajà kan. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, oníṣòwò ń tà láwìn, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wọlé kí ó sì mú. Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè wà ní ṣíṣí, ọwọ́ sì ń kọ ọ́. Ohun gbogbo tí a gbà, ní ìdógò ni a gbà á. Òun kan náà ni ó kọ́ni pé Ọlọ́run rí ohun gbogbo tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ a fi òmìnira yíyàn fún ènìyàn. Rábì Hanina sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn: ohun gbogbo wà lọ́wọ́ Ọ̀run, àfi ìbẹ̀rù Ọ̀run. Gíga tàbí kúkúrú, ọrọ̀ tàbí òṣì, a lè fi wọ́n sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a ó ṣe òdodo tàbí èké, a kò lè fi èyí rù ú.

Nítorí èyí ni ẹ̀kọ́ wọn lórí Ọjọ́ Ètùtù fi le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn àti Ọlọ́run, ọjọ́ náà a máa ṣètùtù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn àti ọmọnìkejì rẹ̀, ọjọ́ náà kò lè ṣètùtù rẹ̀ títí yóò fi lọ tu ọmọnìkejì rẹ̀ lójú. Ẹni tí ó bá sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò dẹ́ṣẹ̀, ọjọ́ náà yóò sì wẹ̀ ẹ́ nù, ọjọ́ náà kì í wẹ̀ ẹ́. A kò lè fi ìsìn sanwó tí a jẹ aládùúgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojúṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan yìí túmọ̀ sí pé kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ti ara rẹ̀ nìkan. Tálmúdì kọ́ni pé gbogbo Ísírẹ́lì jẹ́ onígbọ̀wọ́ fún ara wọn. Ẹni tí ó lè kìlọ̀ fún ará ilé rẹ̀ tí kò sì kìlọ̀, a ó bi í léèrè nípa wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní ìtọrẹ, tsedaka ni àwọn ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òdodo. Ohun tí a fi fún aláìní kì í ṣe ojú rere tí a ṣe fún un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a dá padà fún un. Wọ́n sì ní kí tálákà tí ó ń jẹ nínú ìtọrẹ pàápàá fi díẹ̀ tọrẹ, kí a má baà gba ojúṣe rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

VI. Àwọn olùkọ́ ìgbà ìkẹyìn

Àwọn olùkọ́ tí ó tẹ̀lé wọn fi ìmọ̀ jinlẹ̀ wádìí ohun tí àwọn baba ti fi lélẹ̀. Saadia, ọmọ ilẹ̀ Éjíbítì, tí ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ Sura ní Bábílónì ní ọdún 928, kọ́ni pé òye ènìyàn fúnra rẹ̀ sọ fún un pé ó yẹ kí a san oore fún ẹni tí ó ṣe wá lóore; bí kò bá sì fẹ́ ohunkóhun lọ́wọ́ wa, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí èyí ni ó fi ìdí ìsìn Ọlọ́run múlẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkànlá, ní ilẹ̀ Sípéènì, Bahya ibn Paquda kọ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ojúṣe Ọkàn. Ó kíyèsí i pé àwọn tí ń ṣe wá lóore nínú ayé ń rí èrè tiwọn nínú rẹ̀: baba ń ṣe é fún ọmọ tí í ṣe apá kan ara rẹ̀, ọ̀gá ń ṣe é fún ìránṣẹ́ tí yóò wúlò fún un, ọlọ́rọ̀ ń ṣe é fún ìyìn tàbí èrè ọ̀run. Síbẹ̀ gbogbo ayé gbà pé a jẹ wọ́n ní ọpẹ́ àti iṣẹ́ ìsìn. Mélòómélòó ni Ọlọ́run, ẹni tí kò ṣe aláìní ohunkóhun!

Maimonides, tí a bí ní Córdoba ní ọdún 1138, tí ó ṣe oníṣègùn ní Éjíbítì tí ó sì kú ní ọdún 1204, kọ́ni pé olúkúlùkù ènìyàn lè jẹ́ olódodo bí Mósè tàbí ẹni búburú bí Jeroboámù, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá fà á sí ọ̀nà kan. Àmì ìrònúpìwàdà pípé lójú rẹ̀ ni pé kí ọ̀nà ẹ̀ṣẹ̀ náà tún ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn, kí agbára rẹ̀ sì wà, kí ó sì kọ̀ ọ́. Ó to ìtọrẹ sí ipò mẹ́jọ. Èyí tí ó ga jùlọ ni kí a yá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń rẹlẹ̀ lówó, tàbí kí a bá a dá òwò pọ̀, tàbí kí a fún un ní iṣẹ́, kí ó má baà di alágbe.

Ọ̀kan tí ó súnmọ́ ìgbà wa ni Leo Baeck, tí a bí ní ọdún 1873, tí ó sì jẹ́ rábì ní Berlin. Ó kọ́ni pé ohun méjì tí ìsìn àwọn Júù fi ń mí jẹ́ ọ̀kan: àṣírí, pé a dá wa, àti àṣẹ, pé a ní iṣẹ́ láti ṣe. Nígbà tí ìjọba Hitler bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe inúnibíni sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀nà ṣí fún un láti sá lọ sí òkèèrè, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti fi agbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1943, wọ́n kó o lọ sí àgọ́ Theresienstadt. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ọkàn wọn má baà kú ṣáájú ara. Nínú inúnibíni náà, nǹkan bí 6,000,000 Júù ni a pa, ní àárín ilẹ̀ tí ń pe ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Kristẹni. Baeck yè é, ó sì kú ní London ní ọdún 1956. Ẹni tí ó ka ìtàn yìí kò ní fi ẹnu fífẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ nípa ìsìn àwọn ènìyàn náà.

VII. Ohun tí ó kàn wá

Nísinsin yìí, ẹ̀yin ará, a lè dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òtítọ́ pé àwọn Júù kò mọ ohun kan bí kò ṣe òfin. Òtítọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn gbéraga, gẹ́gẹ́ bí Farisí inú òwe Olúwa wa tí ó fi ọpẹ́ kẹ́gàn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Farisí irú èyí kò ṣọ̀wọ́n nínú ìjọ tiwa pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi í ṣe òdiwọ̀n fún orílẹ̀-èdè kan.

Ìkórè tí a ń ṣe lọ́dọọdún jẹ́ ọmọ agbọ̀n àgbẹ̀ inú Deutarónómì. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bí ọmọ náà bá jọ ìyá rẹ̀. Òwe wa kan sọ pé ẹni tí ó bá dúpẹ́ oore àná yóò rí òmíràn gbà. Òwe náà ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ó léwu bí òun nìkan bá ni ìdí tí a fi ń gòkè lọ síwájú pẹpẹ. Nítorí nígbà náà ọpẹ́ wa ti di ìdẹ tí a fi ń dẹ Ọlọ́run, bí apẹja ti ń fi ekòló dẹ ẹja. Antigonus ará Sokho ti kìlọ̀ fún àwọn Júù, ní ìgbà pípẹ́ ṣáájú Olúwa wa, pé kí wọn má ṣe dàbí ìránṣẹ́ tí ń sin ọ̀gá rẹ̀ nítorí owó iṣẹ́. Ọpẹ́ kì í béèrè pé kí ni èmi yóò tún gbà. Ó ń béèrè pé kí ni mo jẹ, ta ni mo sì jẹ ẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé níbi tí a gbé ń ka iye tí olúkúlùkù mú wá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ, opó kan ń jókòó sí ilé ní ọjọ́ Ìkórè nítorí ìtìjú, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn alàgbà Jerúsálẹ́mù tí wọ́n yí àṣà padà nítorí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ọpẹ́ ẹni tí ojú ń tì ṣe iyebíye ju iyì ọ̀mọ̀wé lọ. Kò ṣòro fún ìjọ láti ní ìyẹ̀wù ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì jẹ oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní owó, tí ó sì di ọ̀rọ̀ ogún mọ́ ọmọ arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mọ̀ pé akọ màlúù tí ó fà wá sí Ìkórè kò lè ṣètùtù rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ lọ tu wọ́n lójú. Èyí ni ẹ̀kọ́ Míṣínà. Èyí sì ni ẹ̀kọ́ Olúwa wa lórí Òkè nípa ẹni tí ó mú ẹ̀bùn wá síwájú pẹpẹ.

Láti ọdún 1662 ni àdúrà ọpẹ́ ti gbogbo ènìyàn ti wà nínú Ìwé Àdúrà Ìjọ wa, nínú èyí tí a ń bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí ìgbé-ayé wa, kì í ṣe ètè wa nìkan, máa fi ìyìn rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá gba àdúrà náà láti ọkàn wá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ Ísírẹ́lì, pẹ̀lú agbọ̀n lórí èjìká ara rẹ̀. Kí Ọlọ́run, ẹni tí oore rẹ̀ ṣáájú òfin rẹ̀, là wá lójú láti mọ oore, kí ó sì fún wa ní ìgboyà láti jíhìn rẹ̀, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.